Omi Kajú Tí Mo Dà Sórí Ẹ̀rọ

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Nouratou ọmọ mi kú lójú títì láàárín Manigri àti Bassila. Ọmọ ogún ọdún ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín. Àwọn èèyàn wá kí mi, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo jókòó lórí ẹní, mo ń ṣe "Àmín", mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Orúkọ mi ni Yessoufou. Àgbẹ̀ oníṣu àti olóko kajú ni mí. Mo kàwé díẹ̀ ní kọ̀lẹ́ẹ̀jì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wa. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi kọ ọ́. Kò sí ẹni tó ká mi mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra mi gan-an nìyẹn, torí pé bí n kò bá sọ ọ́, yóò bá mi wọ ilẹ̀, orúkọ ọlọ́rúkọ yóò sì máa bàjẹ́ lọ lẹ́yìn mi.

Àwọn ọmọ Manigri tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou ló fi ẹ̀rọ mẹ́jọ ránṣẹ́ sí wa, àwọn kọ̀ǹpútà tí àwa níbí ń pè ní ọ̀dínátọ̀. Àwa òbí tún yàrá kan ṣe ní ìpẹ̀kun ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn igi kajú ńlá wà, wọ́n sì gbé àwo tó ń gba iná oòrùn sórí òrùlé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bassila, Razak, ni wọ́n mú wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́rú àti lọ́jọ́ Sátidé. Inú gbogbo èèyàn dùn. Inú tèmi kò dùn. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní gáímáàn, àwọn ọmọ tó jókòó sídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lu àwọn àjèjì ní jìbìtì. Bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó wọ bàtà tuntun, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, mo bi olùkọ́ náà níwájú gbogbo èèyàn.

"Mùsíé Razak, kí lo fẹ́ kọ́ wọn gan-an?"

"Bàbá, màá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lórí ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń fi ṣe ìṣirò, àti bí wọ́n ṣe ń fi wá iṣẹ́."

"Bí wọ́n ṣe ń fi lu èèyàn ní jìbìtì ńkọ́?"

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá mọ ìyẹn, ṣé alùpùpù tó ń wúkọ́ yìí ni màá máa gùn wá láti Bassila?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yá báyìí, wọ́n ti bi í léèrè níbòmíràn rí. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n ra àgádágodo yàrá náà. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló bá a wá. Mo fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀kan, mo fún Razak ní ọ̀kan, mo ní méjì náà ló wà, mo sì fi ẹ̀kẹta há àjà ilé mi. Nígbà yẹn n kò tíì pète ibi kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ lọ́kàn ara mi pé kò sí ilẹ̀kùn tí n kò lè ṣí.

Nouratou ni àbíkẹ́yìn mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, ọdún Iléyá nìkan la fi ń gbọ́ ohùn wọn. Òun ló kù nílé, òun ló ń fọṣọ mi, òun ló ń ka ìwé kékeré inú páálí oògùn fún mi. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó tì mí.

"Bàbá, iṣu tí a gbìn sétí odò nì, kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi ni. Mo ń kó orúkọ gbogbo iṣu Manigri jọ sórí ẹ̀rọ, tàwòrán tàwòrán. Mùsíé ní a máa lọ fi hàn ní Bassila."

Mo ronú pé ẹnì kan ní ìlú ńlá ló fẹ́ mọ iṣu wa kó lè gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní, "Ó ń jẹ́ Àna-mi-ò-gbọ́dọ̀-rí-i." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Èyí tó rí gbọọrọ yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Ìyẹn ni Sún-mọ́hùn-ún." Ìyá rẹ̀, Kafayatou, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Bàbá Nouratou, ẹ jọ̀ọ́." Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Àgbàlagbà ni mí, mo purọ́ orúkọ iṣu fún ọmọ bíbí inú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo lọ dúró sábẹ́ igi kajú, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Nouratou jókòó sídìí ẹ̀rọ. Razak dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ojú ẹ̀rọ, ó sọ nǹkan kan, ọmọ mi sì rẹ́rìn-ín. N kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí n kò rí, ọkàn mi ló bá mi parí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sọ fún wa pé bí òun bá yege ìdánwò, Parakou lòun fẹ́ lọ láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà síwájú. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́. Èmi gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ fún mi pé ẹnì kan ti wá gbé ọmọ mi lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ṣe é, nígbà tí kajú pọ́n, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ń rùn bí ẹmu. Kí n tó kọ ọ́, mo ní láti sọ àṣà kan fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí. Lọ́dọ̀ wa, bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́ nínú oko kajú olóko, o lè jẹ èso rẹ̀ yó. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ lọ́ kóró rẹ̀ kúrò, kí o sì kó o jọ sí ìdí igi, nítorí ti olóko ni kóró. Bàbá mi ti kọ́ mi ní ìyẹn kó tó kọ́ mi ní ìrun kíkí. Kóró àwọn igi tó wà ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ti ẹgbẹ́ òbí ni.

Mo wẹ̀, mo wọ jàlàbíà funfun mi, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo jókòó sí ààyè mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zoubérou, aládùúgbò mi tí a ti jọ ń kírun láti ìgbà èwe. Bí lèmámù ṣe dìde láti wàásù ni mo fọwọ́ kan ikùn, mo fajú ro, mo bọ́ síta. Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ kẹta ti wà lápò mi láti ilé. Mo ṣa kajú tó já bọ́ sílẹ̀ sínú garawa kan tí mo bá lẹ́bàá kànga. Mo ṣí yàrá ẹ̀kọ́ náà, mo fún un sórí àwọn bọ́tìnnì ẹ̀rọ, mo fún un sínú ihò ẹ̀yìn àpótí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé orí ẹ̀kẹjọ. Lẹ́yìn náà mo gé díẹ̀ nínú èso náà jẹ, mo jù wọ́n sórí tábìlì, kí ó lè dà bí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo ń gbọ́ ohùn lèmámù láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi sì ń jẹ kajú nínú yàrá títì kí wọ́n lè rò pé eyín ọmọdé ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fọwọ́, mo lọ sílé.

Gbogbo èèyàn ní Manigri ló mọ̀ pé omi kajú dà bí omi lásán bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí aṣọ. Bó bá gbẹ tán ló ń pọ́n bí ìpẹtà, kò sì sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Nítorí èyí la ṣe ní aṣọ tí a yà sọ́tọ̀ fún àsìkò kajú. Èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, aṣọ Jímọ̀ ni mo wọ̀ lọ fún kajú. Nígbà tí mo bọ́ ọ, mo rí i tó ti ń yọ láti àyà dé ikùn. Mo tì í bọ abẹ́ àpò kóró kajú ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì Razak fúnra rẹ̀ ló wá pè mí. "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Nígbà tí mo débẹ̀, èèrà bo gbogbo tábìlì. Àwọn ọmọ dúró ti ògiri. Nouratou gbé pátákó bọ́tìnnì kan dorí kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n, èèrà ń já bọ́ láti inú rẹ̀. Zoubérou, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òbí, yí ẹ̀yìn yàrá po, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ wá wo olè olóòótọ́ o. Ó ba ẹ̀rọ mẹ́jọ jẹ́, ó sì kó kóró kajú jọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òbí."

Lóòótọ́ ni. Òkìtì kóró wà ní ìdí igi, ó tò rèǹtè. Ọwọ́ mi ló tò ó, n kò mọ̀ pé mo ń ṣe é.

Zoubérou dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní, "Kì í ṣe ọmọdé ló ṣe èyí. Ọmọ ìsinsìnyí á kó kóró lọ tà. Àgbàlagbà ni." Ó sì wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dà bíi pé ojú rẹ̀ pẹ́ lára mi.

A ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹnikẹ́ni kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà ní Natitingou lọ́jọ́ Jímọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ó ku Razak. Ó ní Bassila lòun ti kírun. Wọ́n ní ta ló rí i. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ kírun. Ẹnì kan ní, "A kò mọ̀ wọ́n." Zoubérou gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní ká má tíì di ẹ̀bi ru àlejò, ó sì yíjú sí mi.

"Yessoufou náà dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Inú ló ń run mí."

"Mo mọ̀ pé inú ń run ọ́. Inú yẹn náà le o, kò jẹ́ kí o padà wá rárá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni. Ìbẹ̀rù ló la ẹnu mi. Mo ní, "Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo rí alùpùpù Razak lẹ́yìn yàrá náà."

Razak wò mí. "Bàbá, ẹ rí alùpùpù mi?"

"Mo rí i."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa, Bàbá."

"Ojú mi kò tíì fọ́."

Kò jiyàn mọ́. Bóyá nítorí ọjọ́ orí mi ni. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Pénéssoulou pé olùkọ́ kan ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Manigri kí wọ́n má bàa rí iṣẹ́ gáímáàn tó ń fi wọ́n ṣe. Èmi kọ́ ló sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ìkòkò rẹ̀ kaná.

Nígbà tí mo padà sílé, mo wo abẹ́ àpò. Jàlàbíà kò sí níbẹ̀. Mo bi Nouratou léèrè.

"Mo ti fọ̀ ọ́, Bàbá. Mo sá a, atẹ́gùn gbé e lọ."

"Atẹ́gùn wo?"

"Atẹ́gùn àná."

Èmi tí mò ń wádìí ohun gbogbo, n kò wádìí ìyẹn. Ara mi fúyẹ́ pé aṣọ náà ti lọ. Ó ń palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Ó dúró, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí alùpùpù Mùsíé lóòótọ́?"

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ pe bàbá rẹ ní òpùrọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo. Láti ọjọ́ náà kò bi mí ní orúkọ iṣu kankan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn n kò ní ìsinmi. Bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí mo dé, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ gbogbo ni Zoubérou ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé, "Yessoufou, inú ńkọ́ lónìí?" N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó mọ nǹkan kan tàbí ó kàn ń ṣe àwàdà. Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ ń kírun lẹ́yìn pátápátá.

Nígbà tó yá, Nouratou bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Bassila. Ó ní òun ń bá àbúrò ìyá òun tajà. Ọjọ́rú àti Sátidé ni, ọjọ́ kan náà tí ẹ̀kọ́ náà ń wáyé tẹ́lẹ̀. Oumarou ló ń gbé e, ọmọ àdúgbò wa tó ń ṣe zẹ́mì, ìyẹn iṣẹ́ fífi alùpùpù gbé èrò. Oumarou kì í sáré. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewúrẹ́ ń gbà á kọjá. Mo fura. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọkọ̀ tẹ̀lé wọn. Mo rí ilé kan létí ọ̀nà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn àwọn igi tí wọ́n tò síwájú ilé kejì. Razak jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń tú ẹ̀rọ kan wò. Ọmọ mi ló dúró níwájú. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké.

Ó ní, "Ẹni tí o kò mọ̀ rí kọ̀wé sí ọ pé o ti jẹ ẹ̀bùn ńlá. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màá pe màmá mi wá kó wá jó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nouratou ní, "Kó má tíì jó. Bi ara rẹ pé, ìgbà wo ni mo ta tíkẹ́ẹ̀tì?" Ó tún un sọ, ó ní, "Ìgbà wo ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ wò ó, ebi ti ń pa mí, mo ti ń ṣì sọ." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀rù pé wọ́n ń fi kọ́ ọmọ mi, òun ni ọmọ mi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti sá fún. Mo rí i, mo gbọ́ ọ. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n wọlé. Bí mo bá wọlé, Razak yóò gbójú sókè wò mí. Mo tún ronú pé bí wọ́n bá ń rí ara wọn báyìí, ọjọ́ kan ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn dópin. Ìbẹ̀rù mi kì í ṣe fún ọmọ mọ́. Fún ara mi ni. Mo padà sílé.

Ohun tó burú jù ni èyí tí mo fẹ́ kọ báyìí. Mo pe Oumarou. Mo ní, "Ọmọ mi kò gbọ́dọ̀ gun alùpùpù rẹ mọ́."

"Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

"Bí o bá tún gbé e, màá sọ fún ìyàwó rẹ àti gbogbo àdúgbò pé o ń bá a rìn."

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni."

Mo ní, "Èmi ni wọ́n máa gbà gbọ́." Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ti gbà mí gbọ́ rí.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Ó lọ.

Mo rò pé ọmọ náà yóò jókòó sílé. Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó dúró de Oumarou létí ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Oumarou kọjá lára rẹ̀, kò wò ó, kò dúró. Nouratou pè é, ó rò pé kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn náà ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà Bantè, àpò méjì wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Nouratou jókòó sí àárín àpò àti ọmọkùnrin náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó òwú ń bọ̀ láti òkè. N kò ní kọ ìyókù.

Oumarou ló wá sọ fún mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Bàbá, èmi ni ǹ bá gbé e." Kò bú mi.

Razak wá síbi ìsìnkú náà. Ó bá mi bọwọ́, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọwọ́ tó nà sí mi ni ọwọ́ tó fi gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

Mo ti fún lèmámù àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwé yìí láti kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́ òbí, èmi yóò sì jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Razak, ìwọ kò dé ẹ̀yìn yàrá náà lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, n kò rí alùpùpù rẹ, mo purọ́ mọ́ ọ. Mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá lè dárí jì mí, jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ rẹ padà fún ọ, ìyẹn náà tó. Oumarou, ìwọ kò ṣẹ̀ mí, ìwọ kò sì pa ọmọ mi. Zoubérou, inú kò run mí lọ́jọ́ náà. Kafayatou, ìwọ ni n kò mọ ohun tí màá kọ sí. Ẹ̀yin ọmọ tí mo fi eyín ara mi purọ́ mọ́, ẹ má ṣe gbà pé ohun tí àgbàlagbà bá sọ níwájú èrò ti di òtítọ́ nítorí pé irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ẹ̀yin òbí, bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín ń kọ́, ẹ wọlé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní kó fi hàn yín. Èmi dúró sábẹ́ igi. Ẹ má sì sọ fún mi mọ́ pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ohun tí Nouratou fi sílẹ̀ nìyí:

Aṣọ kákí ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí ìyá rẹ̀ tú etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè gùn sí i.

Sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. A kò rí ti òsì.

Bọ́tìnnì kékeré kan tó yọ lára ẹ̀rọ tí mo bà jẹ́, lẹ́tà N wà lórí rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ àpò ìwé rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ní Bassila tí wọ́n ṣì ń wá lọ́jọ́rú.

Igi kékeré bí ìka ọwọ́ ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní kílé, tí wọ́n ń kó iṣẹ́ orí ẹ̀rọ pamọ́ sí. Razak ṣí i fún ìyá rẹ̀. Gbogbo iṣu Manigri wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán wọn, orúkọ wọn sì pé, ìyá rẹ̀ ló bá a tún un ṣe. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Àna-mi-ò-gbọ́dọ̀-rí-i àti Sún-mọ́hùn-ún wà. Ó kọ ọ́ sórí wọn pé: orúkọ tí bàbá mi fi ń bá mi ṣeré.

Ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, lábẹ́ gbogbo aṣọ, jàlàbíà funfun mi. Atẹ́gùn kò gbé e lọ. Ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, àbàwọ́n náà kò bọ́. Ó gé aṣọ funfun, ó fi ń rán àpò ńlá lé e lórí láti àyà dé ikùn. Ó ti rán an dé ìdajì. Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.